Àbẹ́là Inú Ìgò Olódòdó

Láti àárọ̀ ni Gisèle ti tan àbẹ́là mẹ́rin sórí pákó kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Dásà, ó sì jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ọ̀kan wà nínú ìgò tí wọ́n ń ta mayonésì nínú rẹ̀, ọ̀kan wà nínú agolo mílíìkì, ọ̀kan sì wà nínú àwo amọ̀ kékeré. Ẹ̀kẹrin, tó rẹwà jù nínú wọn, wà nínú ìgò olódòdó: ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ gaara, tí wọ́n ya òdòdó pupa àti ewé aláwọ̀ wúrà yí ká.

Kò sẹ́ni tó rí ìgò olódòdó yìí tí kì í gbé e wò. Àjọ̀dún Màríà Wúndíá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láìpẹ́, èrò á rọ́ dé láti Kùtọnu, láti Pọ̀tọ̀nóvò, kódà láti Tógò, wọ́n á máa gun òkè lọ síbi ihò àpáta, oníkálukú á sì máa wá àbẹ́là tí yóò tàn níwájú Ìyá Jésù. Nítorí wọn ni Gisèle ṣe da ìda sínú ìgò olódòdó tó kún pẹpẹ yàrá rẹ̀ títí dé òkè. Ṣùgbọ́n sístà tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ta irú ìgò kankan láìjẹ́ pé ó ti jó ọ̀kan nínú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i. Iná tí ìda rẹ̀ pọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ iná tí ìda rẹ̀ kù díẹ̀. Gisèle ti ń sún ọ̀rọ̀ náà síwájú láti ọjọ́ pípẹ́. Òní ló tó rójú ṣe é.

Sàfúrátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ìgò lọ́jà Dásà, wọlé nígbà tí oòrùn ti ń yẹ̀ sí apá òkè. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìgò olódòdó náà ti wá. Ó gbé páálí ìgò kan sílẹ̀, ó bu omi sínú búùtà, ó kírun Alaasárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì wá fa àpótí kan jókòó.

"Èwo ló ń ṣe dáadáa?" ó bèèrè.

"Ti inú agolo, iná rẹ̀ kò lágbára. Ti mayonésì ń rú èéfín jù. Ti inú amọ̀ ń jó jẹ́jẹ́."

"Olódòdó wa ńkọ́?"

Gisèle rẹ́rìn-ín músẹ́. "Olódòdó wa ni ìyàwó láàárín wọn."

Òótọ́ ni. Iná rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó mú kí àwọn òdòdó náà máa tàn bí ẹni pé wọ́n ní ẹ̀mí. Ìda inú rẹ̀ ti yọ́ tán pátápátá, ó ti di òróró tó mọ́, kò sì nípọn ju ìka kan lọ mọ́ nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò ó nígbà tí òwú rẹ̀ yọ kúrò ní ìdí rẹ̀. Ó rọra fì, ó fara ti ara ìgò, iná náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá gíláàsì lójú kan. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ di dúdú. Gisèle na ọwọ́ sí igi tí ó fi ń tún òwú ṣe.

Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀, ìgò náà dún pá!

Ìdí rẹ̀ ré kúrò bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ìda gbígbóná tú sórí pákó, iná sì sáré tẹ̀lé e. Sàfúrátù fò dìde, ó gbá búùtà rẹ̀ mú, ó sì da omi lù ú. Ńṣe ni iná náà bú gbàmù sókè, tó ga ju orí wọn lọ, ó sì jó etí ìbòrí Sàfúrátù. Ó ké, ó ṣubú sẹ́yìn. Gisèle gbá ìkòkò tí ó fi ń yọ́ ìda mú, ó dojú rẹ̀ dé iná náà, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí èéfín fi tán lábẹ́ rẹ̀.

"Súbùhánálláhì!" Sàfúrátù ń fọwọ́ pa ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. "Omi ni mo dà sí i! Omi mà ni!"

"Òróró gbígbóná ni. Omi ló mú un bínú."

Sàfúrátù wo páálí tó gbé wá, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá tí pẹpẹ náà wà. "Gbogbo ìyẹn. Gbogbo wọn ló bàjẹ́ yẹn. Ọlọ́run ṣàánú wa, a ò tíì ta ọ̀kankan."

Gisèle dúró ti ìkòkò náà, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Kí ló dé? Ṣé ó jó ọ ni?"

"Mo ti fún ẹnì kan ní ọ̀kan," ni Gisèle wí. "Mo fún Màmá Dorothée."

Màmá Dorothée ni ìyá Éloi, ọkọ Gisèle tó ti kú. Ní Parakú ni Éloi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àìsàn gbé e dè. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fi gbọ́, òkú ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé bọ̀ wálé. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà ni ìyá àgbà kò ti bá Gisèle sọ̀rọ̀ mọ́. "Obìnrin yẹn" ló ń pè é. Ó ní obìnrin yẹn jẹ́ kí ọmọ òun kú bí ẹni tí kò ní ìyá láyé. Gisèle kò wí àwíjàre kankan. Ó gba ẹ̀bi náà, ó gbé e bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ní àìpẹ́ yìí ló mú àkọ́ṣe àbẹ́là rẹ̀, èyí tó wà nínú ìgò olódòdó, ó sì gbé e lọ sí abúlé Tré lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá Dorothée wò ó títí. Ó fi ìka pa òdòdó ara ìgò náà, ó sì gbé e ka iwájú fọ́tò Éloi.

"Ó dára," ó ní. "Màá máa tàn án tí mo bá ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Gisèle sunkún ayọ̀ títí ó fi délé.

Bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni ìyá àgbà ń tàn án ní tòótọ́, ìda inú rẹ̀ á ti máa kan ìsàlẹ̀ báyìí.

"Pe ẹnì kan níbẹ̀," ni Sàfúrátù wí.

Màmá Dorothée kò ní fóònù. Gisèle pe Ignace, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti ìyá àgbà. Fóònù Ignace kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Bí Ignace bá ti wà lóko, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn àpáta wọ̀nyẹn.

Gisèle jókòó. "Sàfúrá, bí mo bá lọ sọ fún un pé ohun tí mo fún un lè jó ilé mọ́ ọn lórí, kí ni yóò rò? Á ní mo pa ọmọ tán, mo wá kan ìyá."

"Bí o kò bá lọ ńkọ́?"

Gisèle wo pákó tó jó dúdú. Ó dìde, ó fẹ́ àbẹ́là tó kù pa, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Alùpùpù Sàfúrátù ni wọ́n gùn. Òjò ti rọ̀ ní àná, ilẹ̀ pupa náà sì ti di ẹrẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lọ láàárín àwọn òkè, àgbàdo tó ti ga dúró lọ́tùn-ún lósì, òjìji àpáta sì ti ń na ọwọ́ kọjá ojú ọ̀nà. Gisèle kò yé wo oòrùn. Ìyá àgbà kì í tan iná kí aago ìjọ tó lù. Tí aago bá sì ti lù, kò sí ohun tó ń dá a dúró.

"Tẹ̀ ẹ́ sí i," ó ní létí Sàfúrátù.

"Ṣé o fẹ́ kí àwa náà kú ni?"

Ní ibi tí ọ̀nà ti gba inú odò kékeré kan kọjá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù náà rì sínú ẹrẹ̀, ó ń yí lójú kan. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í. Ẹrẹ̀ ta sí wọn lára títí dé ojú. Wọ́n fà á, wọ́n gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀, kò kúrò. Gisèle gbójú sókè, ó rí i pé oòrùn ti fara pamọ́ sẹ́yìn òkè. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kò rinlẹ̀, ó wá láti ọ̀kánkán Tré: aago ìjọ.

Ó fi alùpùpù sílẹ̀.

"Gisèle!"

"Màá gba inú oko!"

Ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó sì sáré gba àárín ebè iṣu. Ìtàkùn iṣu ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan já, ó bọ́ èkejì jù nù. Nígbà tó gun pàlàpálá òkúta tó wà lẹ́yìn abúlé, èémí rẹ̀ ti ń dún bí ẹni pé wọ́n ń fi nǹkan ha á láyà. Láti ibẹ̀ ló ti rí òrùlé páànù Màmá Dorothée. Kò sí èéfín. Ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ ń tàn.

Ìyá àgbà ti ti ilẹ̀kùn láti inú, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run. Gisèle lù ú.

"Màmá! Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Mo kí ọ, Màríà, tó kún fún oore-ọ̀fẹ́," ni ohùn inú ilé wí.

"Màmá, Gisèle ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àbẹ́là yẹn!"

Ohùn náà ròkè sí i. Gbogbo Tré ló mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í já àdúrà mọ́ Màmá Dorothée lẹ́nu. Àlùfáà gan-an ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí títí ó fi ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tán. Gisèle sáré lọ síbi fèrèsé, ó fi ojú kan sí ihò ara rẹ̀. Ó rí ìyá àgbà lórí ìkúnlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ń yí lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí tábìlì kékeré àti aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ lé e. Ó rí fọ́tò Éloi tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Níwájú rẹ̀, ìgò olódòdó náà wà níbẹ̀. Òwú inú rẹ̀ ti fì. Iná ń lá ara ìgò, gbogbo òdòdó ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ti di dúdú.

Ó padà síbi ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì gbá a. "Bí ẹ kò bá ṣí i, màá já a! Mo búra, màá já a wọlé!"

Inú ilé dákẹ́. Ẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ojú ìyá àgbà sì yọ, ó le, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀.

"Ta ló kú?" ó bèèrè.

Gisèle kò kí i. Kò kúnlẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i, ó ń wá ohun tí ó lè fi bo ìgò náà. "Ẹ jìnnà síbẹ̀, Màmá. Ẹ má sún mọ́ ọn."

"Kí ni mo ṣe fún ọ? Ṣé o fẹ́ gba ohun tí o fún mi ni?" Ìyá àgbà ti tẹ̀lé e, ó ti na ọwọ́ sí fọ́tò ọmọ rẹ̀ láti dáàbò bò ó.

Ìgò náà dún pá.

Ìda tú sórí aṣọ funfun, aṣọ náà sì gbiná láti etí dé etí. Màmá Dorothée kígbe. Ó fi ọwọ́ kan fa fọ́tò mọ́ra, ó yí padà pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ṣì ní, ó ki igbá bọ inú ìkòkò omi, ó sì gbé e sókè.

"Ẹ má da omi sí i!"

Kò gbọ́. Igbá ti ń tẹ̀ síwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Gisèle kò rò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í láyà, ìyá àgbà sì fi ìdí lulẹ̀ gbì, omi dà sí i lára àti sílẹ̀. Gisèle di igun aṣọ tábìlì tí iná kò tíì dé, ó fà á wálẹ̀ sórí símẹ́ńtì, pẹ̀lú iná, pẹ̀lú ìgò fífọ́. Ìda kan fò, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ó gbé bàsíà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dà á dé gbogbo rẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí. Ooru rẹ̀ gba inú irin wọ̀ ọ́ lára. Kò dìde.

Inú ilé ṣókùnkùn. Èéfín ń yọ lábẹ́ bàsíà, ó ń dínkù.

"O tì mí," ni Màmá Dorothée wí láti ilẹ̀. "Nínú ilé mi. Lójú ọmọ mi."

Gisèle dìde kúrò lórí bàsíà, ó sì kúnlẹ̀ nínú omi tó dà sílẹ̀, ó dorí kodò.

Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀ níta. Ignace ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú àdá oko lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Justine tẹ̀lé e pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, Sàfúrátù sì ń mí hẹlẹ hẹlẹ lẹ́yìn wọn, ẹrẹ̀ kún ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì rìn yí yàrá ká: ó bọ́ sórí bàsíà, ó bọ́ sórí Gisèle tó kúnlẹ̀, ó wá dúró sórí ìyá àgbà tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù àti fọ́tò ní àyà.

"Màmá!" Ignace wí. "A gbọ́ igbe yín. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ṣe yín báyìí?" Ojú rẹ̀ ti wà lára Gisèle. Ó mọ ìtàn ilé náà, bí gbogbo abúlé ṣe mọ̀ ọ́n.

Gisèle kò gbójú sókè. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó tó bá ti ìyá ọkọ rẹ̀ ṣubú, kò sí ilé tí yóò tún tẹ́wọ́ gbà á ní Tré. Ó sì mọ̀ pé bí ìyá àgbà bá sọ ọ́, òótọ́ ló sọ.

Màmá Dorothée wo bàsíà. Ó wo ọrùn ọwọ́ Gisèle tó ti wú.

"Mo ṣubú ni," ó ní. "Àbẹ́là ló fọ́. Ẹ gbé mi dìde."

Wọ́n gbé e dìde, wọ́n gbé e lọ sórí ibùsùn. Justine bèèrè bóyá egungun kankan ń dùn ún, ó ní ìdí nìkan ni. Nígbà tó ṣe, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun fẹ́ sinmi. Ignace àti ìyàwó rẹ̀ bá Sàfúrátù lọ fa alùpùpù rẹ̀ jáde. Gisèle náà dìde láti tẹ̀lé wọn.

"Ìwọ dúró," ni ìyá àgbà wí.

Ó ní kí ó gbé òrí tó wà lábẹ́ ibùsùn wá. Gisèle rò pé ìdí ara rẹ̀ ló fẹ́ fi pa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Gisèle ló fà mọ́ra nínú òkùnkùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí náà pa ojú ibi tó jó, láìṣe pẹ̀lẹ́ púpọ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mi ò dán ìgò yẹn wò kí n tó fún yín. Lónìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò, ó sì fọ́ lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré wá."

"Mo ti gbọ́." Òrí ń lọ, ó ń bọ̀. "Nígbà tí Éloi ń ṣàìsàn, ta ló ní kí o má ránṣẹ́ sí mi?"

Ọdún méjì ni Gisèle ti fi pa ìdáhùn yìí mọ́, nítorí kò fẹ́ kí ìyá máa bínú sí òkú.

"Òun ni, àbí?"

"Òun ni, Màmá. Ó ní kí n má kó ìdààmú bá yín. Ó ní ara òun á yá. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà."

Ìyá àgbà jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Níta, wọ́n ń gbọ́ tí Ignace ń pe àwọn ọkùnrin kan láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Lónìí," ni Màmá Dorothée wí, "o kò bi mí léèrè kí o tó tì mí ṣubú. O rí iná, o sì ṣe ohun tó yẹ. Kí ló dé tí o kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun náà? Ì bá bínú. Jẹ́ kó bínú! Ì bá bínú, èmi ì bá sì rí ọmọ mi."

Gisèle sunkún. Ìyá àgbà kò sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, kò sì lé e lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Gisèle àti Sàfúrátù yọ́ gbogbo ìda inú àwọn ìgò olódòdó kúrò. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n lákòókò, ó sì dùn wọ́n. Àwo amọ̀ ni wọ́n lò níkẹyìn, lẹ́yìn tí wọ́n jó mẹ́ta nínú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tí wọn kò sì kúrò nídìí rẹ̀. Àwo náà kò pọ̀. Nígbà tí àjọ̀dún dé, àbẹ́là wọn tán ní kíákíá, ọ̀pọ̀ èrò sì kọjá síbi àwọn tó ní púpọ̀. Àwọn kan ń bèèrè olódòdó tí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Gisèle sọ fún wọn pé kò sí.

Màmá Dorothée kò lè gun òkè lọ síbi àjọ̀dún, nítorí ìdí rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Nígbà tí èrò túká, Gisèle lọ sí Tré láti bá a wú ẹ̀pà rẹ̀. Ìyá àgbà kò pè é ní ọmọ, kò sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó tọ́ka sí ibi tí kó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà títí oòrùn fi le, wọ́n sì lọ jókòó sábẹ́ igi òrí tó wà létí oko, wọ́n ń já ẹ̀pà kúrò lára igi rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ibà ló kọ́kọ́ ṣe é ni, tàbí inú rírun?" ni ìyá àgbà bèèrè lójijì.

Gisèle dá ọwọ́ dúró. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

"Ibà ni, Màmá."

"Sọ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Má fo nǹkan kan."

Gisèle gbé ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.